Ohun Tí Sìlífátù Gbé Bọ̀ Láti Ẹ̀wọ̀n

Ẹní náà tún ti tutù. Adérónkẹ́ gbé e jáde láti yàrá àwọn obìnrin, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti máa ń sá láfún, ó fi ọwọ́ gbá ìbàdí mú, ó ń wò ó. Oòrùn kò tíì yọ. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń bó, ẹ̀rọ omi ìjọba tó wà ní ìkóríta kò sì tíì sun láti ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ Jímọ̀ọ̀ ti dé yìí. Nígbà tó wo ẹní tán, ó lọ ṣí àgbá omi tó wà lẹ́bàá ilé ìdáná. Lálẹ́ àná, àgbá náà kún dé ẹnu. Òun fúnra rẹ̀ ló ru omi náà láti kànga ilé Ìyá Túbọ̀sún, tí ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé sínú èjìká. Nísinsìnyí, omi kò ju ìdajì lọ.

Ó da ìdérí náà bò ó, ariwo rẹ̀ sì jí àwọn adìyẹ.

Sìlífátù ń bọ̀ láti balùwẹ̀. Ó gbé korobá lọ́wọ́, ó fi ìró bo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí itan rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn.

"Ìyàwó, o jíire bí?"

"A dúpẹ́, Adúmáadán. Ẹ káàárọ̀."

Adérónkẹ́ ju Sìlífátù lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni Sìlífátù, àbúrò ọkọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Nígbà tí wọ́n gbé Adérónkẹ́ wọ ilé yìí ní Kẹ́mta, awọ ọmọbìnrin náà ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òrí pa á, ìyẹn ló fi sọ ọ́ ní Adúmáadán. Kò sí dídán kankan lára rẹ̀ mọ́ báyìí. Ẹrẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọnú, eérú ọyẹ́ sì bo apá rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ bu omi inú àgbá?"

"Èmi ni."

"Ìdajì àgbá?"

"Mo fọ aṣọ ni, Ìyàwó. Má bínú."

"Aṣọ lánàá, aṣọ níjẹta, aṣọ lónìí. Aṣọ mélòó lẹ gbé dé? Mo mọ̀ pé àpò kan ṣoṣo lẹ gbé wọlé. Ẹ wo ẹní. Ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ mi ọlọ́dún méjì kì í tọ̀ sórí ẹní mọ́, Adúmáadán!"

Sìlífátù yí padà. Ó gbé korobá rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sá aṣọ sí.

Orí Ìyá Túbọ̀sún yọ lókè ògiri tó pààlà ilé méjèèjì. Obìnrin yìí a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn dé ìdí kó tó sọ ọ́ kiri.

"Ẹ kú òwúrọ̀ o, Ìyàwó Láwàlì. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Kò sí kẹ̀?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n mu kí wọ́n má baà ṣagídí. Ó máa ń ba ara jẹ́. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ yín."

Adérónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sórí ẹní. Kò fẹ́ dá obìnrin náà lóhùn, kò sì fẹ́ bínú sí i, nítorí kànga ẹ̀yìn ògiri yẹn ni gbogbo ilé wọn ń mu.

Láwàlì, ọkọ rẹ̀, jáde pẹ̀lú fìlà àdúrà lórí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti kírun Àsùbáà tán, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Àwo tánganran àti ìkòkò ni ó ń tà ní Ìtókù, ṣùgbọ́n kò ní ṣí ìsọ̀ lónìí. Jùbrílù, ọkọ Sìlífátù, ti ránṣẹ́ pé òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá òun, Alájì Sàlàhúdíìnì, ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ láti wá mú ìyàwó òun lọ sílé.

Gbogbo Kẹ́mta ló mọ ọ̀rọ̀ Jùbrílù. Ṣọ́ọ̀bù tí àwọn sọ́jà já lọ́dún tó kọjá, ti Jùbrílù ni. Mílíìkì àti ṣúgà tí wọ́n bá nínú rẹ̀, tí wọ́n ní ó kó pamọ́ kó lè wọ́n, ti Jùbrílù ni. Oyún tó wà nínú Sìlífátù lọ́jọ́ náà, ti Jùbrílù ni. Ṣùgbọ́n Jùbrílù ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó di Kùtọnù, Sìlífátù ni wọ́n bá lórí àga, òun ni wọ́n sì mú lọ sẹ́wọ̀n. Ó dé láti ẹ̀wọ̀n láìpẹ́ yìí, láìsí oyún, láìsí ọmọ. Wọ́n ní ọmọ náà kú. Ìyá wọn sunkún, Láwàlì ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà tì.

"Sìlífátù!" Láwàlì ń pè.

"Bọ̀ọ̀dá."

"Ọkọ rẹ ń bọ̀ lónìí. Ṣé bó o ṣe máa rí nìyẹn?"

"Mo máa múra, Bọ̀ọ̀dá."

"Nígbà wo? Láti ọjọ́ tó o ti dé, mi ò rí i kó o fi orí kanlẹ̀ rí. Màámi pè ọ́ wá kírun, o ní ó di ọ̀la. Ṣé wọ́n gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀ ni? Wọ́n gba ìmọ́tótó, wọ́n gba ẹ̀sìn?"

Sìlífátù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí n má bínú." Láwàlì yí padà, ojú rẹ̀ bá ti ìyàwó rẹ̀ pàdé nídìí ẹní. "Ẹ jẹ́ kó tètè lọ sílé ọkọ rẹ̀, kí olúkúlùkù rí ibi sùn."

Nígbà tí wọ́n jẹun àárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà, Sìlífátù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó jìnnà sí àwọn yòókù. Ó jẹ àkàrà kan. Ìyá Láwàlì bu omi sí ife, ó nà án sí i.

"Mu omi, ọmọ mi. Ètè rẹ ti bẹ́."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, Màámi."

"Nínú ọyẹ́ yìí?"

"Kò gbẹ mí, mà."

Ìyá àgbà gbé ife náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, kò rí ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbé ojú náà kúrò lára ọmọ rẹ̀.

Wọ́n pa adìyẹ nítorí àlejò. Láti ọdún Iléyá, ẹran adìyẹ kò tíì wọ ìkòkò ilé yìí, Adérónkẹ́ sì ń hú ìyẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú bí ẹni pé Jùbrílù gan-an ló wà lọ́wọ́ òun. Ó ní kí Sìlífátù bá òun lọ ata. Sìlífátù kúnlẹ̀ ti ọlọ, ó ń lọ ọ́, ó ń lọ ọ́. Ọmọ ọlọ ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ṣe, Adérónkẹ́ kò gbọ́ ohùn ọlọ mọ́. Ó gbójú sókè.

Sìlífátù ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ata sì ti dà sí i lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan.

"Yéè! Adúmáadán! Màámi o!"

Adérónkẹ́ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ta omi sí i lójú. Ibi tí Sìlífátù kúnlẹ̀ sí ti rin. Ìró rẹ̀ ti rin láti ìdí dé orúnkún. Adérónkẹ́ fẹ́ tú u kó fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó tú u, ó bá àkísà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ká mọ́ra, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìbàdí. Lábẹ́ àkísà náà, itan méjèèjì ti bó. Ó pọ́n bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó awọ rẹ̀, omi sì ń jáde lára egbò náà.

Ó dà á bò padà. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnì kan wà lórí ògiri. Kò sí ẹnikẹ́ni.

"Kí lèyí?" ó béèrè nígbà tí ojú Sìlífátù wálẹ̀.

"Kò sí nǹkan."

"Mo ní kí lèyí, Adúmáadán? Èmi kọ́ lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀ fún."

Eṣinṣin ń bà lé ata.

"Ìtọ̀ ni," Sìlífátù wí. "Kì í dúró. Mi ò mọ ìgbà tó ń bọ̀. Bí mo bá jókòó, ó ń jò. Bí mo bá dìde, ó ń jò. Mo ti gbìyànjú kí n má máa mumi, bóyá á dín kù."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo bímọ. Mo rọbí, mo kígbe pè wọ́n. Wọ́dà tó wà níbẹ̀ ní irọ́ ni, pé mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi jáde kí n lè sá lọ. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tún ṣú, Ìyàwó. Àwọn obìnrin tá a jọ wà níbẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ ò mí mọ́. Wọ́n fà á jáde. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi dá mi padà, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n mi kò tíì pé. Ibẹ̀ ni omi náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n jìnnà sí àwọn yòókù."

"Ẹ ò wá sọ fún wa."

"Kí n sọ kí ni?"

Adérónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu ata kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti sọ láàárọ̀ lórí ẹní yẹn ń padà bọ̀ wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Láwàlì ti dé ẹnu ilé ìdáná, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì ti gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀.

Adérónkẹ́ sọ ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀. Ó wọlé, ó mú ìró méjì tó mọ́ jáde nínú àpótí rẹ̀, àti ìborùn.

"Ẹ dìde, Adúmáadán. A ń lọ sí ilé ìwòsàn."

Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti bá Láwàlì pàdé pẹ̀lú agbádá funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí.

"Ibo lẹ ń lọ? Jùbrílù ń bọ̀!"

"Ara àbúrò yín ò yá, Bàbá Mùsílíù. Mo fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Adígbẹ."

"Lónìí? Ọjọ́ mìíràn ò sí? Tí wọ́n bá bi yín pé níbo ni àìsàn ti bá a, kí lẹ máa sọ? Kí gbogbo ayé tún gbọ́ ọ lákọ̀tun? Mo ń bá àwọn èèyàn ra ọjà, mo ń bá wọn tà á!"

"Láwàlì." Ìyá rẹ̀ ló pè é láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Kúrò lẹ́nu ọ̀nà."

Ó kúrò.

Nínú takisí, àwọn méjì mìíràn wà lẹ́yìn, awakọ̀ sì ti ká gíláàsì nítorí eruku. Kò pẹ́ tí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fín imú. Awakọ̀ náà wẹ̀yìn.

"Kí ló ń rùn báyìí? Ta ló tọ̀ sínú mọ́tò mi?"

Sìlífátù di ìborùn mú lábẹ́ àgbọ̀n. Adérónkẹ́ ló dáhùn.

"Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹja ni mò ń tà. Omi ẹja ló dà sí mi láṣọ."

"Ẹ̀yin ẹlẹ́ja! Ẹ máa fẹsẹ̀ rìn!" Awakọ̀ já gíláàsì wálẹ̀, ó ń kùn títí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀. Adérónkẹ́ kò tíì ta ẹja rí láyé rẹ̀.

Àwọn aboyún kún orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn náà, wọ́n ń fi etí ìró fẹ́ ara wọn. Nọ́ọ̀sì tó jókòó nídìí tábìlì kò gbójú sókè.

"Oyún oṣù mélòó?"

"Kò lóyún," Adérónkẹ́ wí. "Ó ti bímọ tẹ́lẹ̀."

"Níbo ló bí i sí? Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Níbo lo bímọ sí?"

Adérónkẹ́ fẹ́ dá irọ́ mìíràn sílẹ̀, bíi ti inú takisí. Sìlífátù ṣáájú rẹ̀.

"Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́. Obìnrin kan fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Èkejì sún kúrò, èyí tó tẹ̀ lé e náà sún. Àyè là lórí bẹ́ǹṣì níbi tí àyè kò sí tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó wá jókòó síbẹ̀.

"Ṣebí wọ́n ní dókítà tiwọn lọ́hùn-ún," nọ́ọ̀sì náà wí. "Ẹ lọ dúró síta. Bá a bá dá àwọn tó mọ́ lóhùn tán, a ó wò ó."

Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n gbọ́ ìpè Jímọ̀ọ̀ láti mọ́ṣáláṣí kan. Wọ́n rí àwọn aboyún tó ń jáde, tí wọ́n ń lọ. Adérónkẹ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n jẹ ẹ́. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan lọ sí tábìlì, wọ́n ní kó lọ jókòó. Ó dìde lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ọ̀sì náà ti lọ jẹun. Ó padà wá, ó jókòó. Àárẹ̀ tó mú un kọjá ti omi rírù.

Obìnrin àgbà kan nínú aṣọ nọ́ọ̀sì ń kọjá lọ, Sístà Adébímpé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó kọjá wọn, ó dúró, ó wo ilẹ̀ níbi tí Sìlífátù jókòó sí. Ó padà wá.

"Ọmọ náà ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó kú, mà," Sìlífátù wí.

"O rọbí pẹ́."

"Ó pẹ́, mà."

"Dìde, màmá. Tẹ̀ lé mi." Kò béèrè ibi tó ti wá.

Nínú yàrá kékeré kan, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Adérónkẹ́ di ọwọ́ Sìlífátù mú, ó sì ń sọ bó ṣe rọbí lọ́gbà ẹ̀wọ̀n àti bó ṣe ṣubú láàárọ̀. Nígbà tí Sístà náà parí, ó fọ ọwọ́, ó bu omi kún ife, ó gbé e fún un.

"Mu ún."

"Mà, bí mo bá mu ún…"

"Bó o bá mu ún, ó máa jò. Bí o kò bá mu ún, ó ṣì máa jò, ṣùgbọ́n ìtọ̀ náà á ki, ìtọ̀ tó ki ló ń bó ọ nítan. Òùngbẹ ló gbé ọ ṣubú láàárọ̀. Mu ún."

Sìlífátù mu ún. Ó mu òmíràn. Omi ń gba àgbọ̀n rẹ̀ ṣàn sọ́rùn bí ó ti ń gbé e mì.

Sístà náà jókòó. Ojú rẹ̀ rẹ̀ bí ti ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ èèyàn. "Orí ọmọ ló há, ó tẹ ibẹ̀ pẹ́ títí ẹran ibẹ̀ fi kú. Ibi tó kú ló jábọ́, tó di ihò láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Ká ní wọ́n gbé ọ jáde lásìkò ni, kò ní ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló ti ọgbà yẹn wá báyìí. Mo ti lọ bá àwọn ọ̀gá wọn. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n gbọ́ mi, mo sì padà sílé."

"Ṣé ó lè san, mà?" Adérónkẹ́ béèrè.

"Wọ́n ń rán an ní Ìbàdàn. Egbò itan á kọ́kọ́ san ná, ẹ máa fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ máa fi fasilíìnì pa á. Lẹ́yìn náà ẹ ó lọ, wọn yóò sọ ìgbà tó kàn yín. Ó lè pẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á rán an, kò ní mú, wọ́n á tún un rán. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó gbẹ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í níbẹ̀. Wọ́n á sì béèrè ọkọ, kó wá fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fi abẹ kàn án."

Adérónkẹ́ wo Sìlífátù. Sìlífátù ń wo ife.

"Ọkọ rẹ̀ wà nílé wa báyìí," Adérónkẹ́ wí.

Lóòótọ́, ó wà nílé. Jùbrílù jókòó nínú pálọ̀ pẹ̀lú léèsì àwọ̀ ojú ọ̀run, ó ti sanra sí i. Alájì Sàlàhúdíìnì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ọ̀pá sáàárín orúnkún. Láwàlì ń rẹ́rìn-ín, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn obìnrin náà ò ní pẹ́ dé. Ìyá Láwàlì ti jáde kí wọn, ó sì ti padà wọlé.

Nígbà tí àwọn obìnrin náà wọlé, Sìlífátù kúnlẹ̀ kí àgbà, ó kí ọkọ rẹ̀. Jùbrílù ní "pẹ̀lẹ́ o," ó na ọwọ́, ó sì fa ọwọ́ náà padà lójijì. Imú rẹ̀ hunjọ. Ó wo Láwàlì.

"Ara Adúmáadán ò yá, sà," Adérónkẹ́ wí, ó sì sọ ọ́ fún wọn bí Sístà ṣe sọ ọ́, kò fi nǹkan kan pamọ́, títí dé Ìbàdàn. Láwàlì kò tíì gbọ́ ọ rí. Bí ó ti ń gbọ́ ọ, ẹ̀rín tó fi ń gba àlejò ṣì wà lójú rẹ̀, ó gbàgbé láti gbé e kúrò.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí i," Adérónkẹ́ parí ọ̀rọ̀.

Jùbrílù ti fi áńkáṣíìfù bo imú. "Èmi? Ìbàdàn? Níbi tí wọ́n á ti bi mí pé báwo ló ṣe dé ẹ̀wọ̀n? Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èmi àti àwọn sọ́jà kò tíì tán. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, Láwàlì, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà yìí…" Ó wo ilẹ̀ tí Sìlífátù kúnlẹ̀ sí. "Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Ariwo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń wọlé láti ìta. Láwàlì ń wo bàtà Jùbrílù, bàtà tuntun, ó wò ó títí.

Sìlífátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti dìde dúró.

"Ara mi lè má yá," ó wí. "Ẹ máa lọ."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ máa lọ, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

Jùbrílù dìde, ó ń gbọn léèsì rẹ̀, ó ní òun kò wá síbí kí obìnrin lé òun. Ó ti jáde dé ìta kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde. Àgbà náà kò tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi," ó bi Sìlífátù, "ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi pé o kì í kírun mọ́. Ṣé torí èyí ni?"

"Mi ò mọ́, Alájì."

"Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò dúró, tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, bí àsìkò bá tó, kó wẹ ibẹ̀, kó so aṣọ, kó ṣe àlùwàlá, kó kírun. Bó bá jò lórí ìrun, kó máa kí i lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Ta ló sọ fún ọ pé Ọlọ́run lé ọ?"

Sìlífátù kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Láwàlì yí ojú sí fèrèsé. Àgbà náà jáde lọ díẹ̀díẹ̀ bá ọmọ àbúrò rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ohùn Jùbrílù lójú ọ̀nà tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ.

Àwọn àlejò kò fọwọ́ kan adìyẹ. Adérónkẹ́ tún gbé e kaná fún ará ilé, kò sì dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ìyá Túbọ̀sún kò gba orí ògiri lọ́tẹ̀ yìí, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

"Mo rí ọkọ tó ń lọ láìmú ìyàwó dání. Mo ní kí n wá wò yín. Kí ló dé?"

Ó ti rẹ Adérónkẹ́ débi pé kò lè fi nǹkan pamọ́. "Ìtọ̀ rẹ̀ ni kò dúró. Ìrọbí inú ẹ̀wọ̀n ló fà á. A ó máa nílò omi kànga yín gan-an, mà, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ká má wá pọn ọ́n mọ́, ẹ sọ ọ́ báyìí kí n mọ̀."

Ìyá Túbọ̀sún jókòó sórí àpótí ìdáná.

"Fáwùmí nìyẹn," ó wí.

"Ta ni Fáwùmí?"

"Àbúrò mi. Ilé ọkọ rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n kọ́ àhéré fún un lẹ́yìn oko gbágùúdá. Wọ́n ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n bọ òrìṣà, wọ́n ṣe é tì. Èmi náà kì í lọ síbẹ̀. Mo lọ lẹ́ẹ̀kan." Ó ń fi ìka fa etí ìró rẹ̀. "Kí ni wọ́n sọ pé wọ́n máa ṣe é ní Ìbàdàn?"

"Wọ́n ní wọ́n ń rán an."

"Wọ́n ń rán an? Ó ṣeé rán?"

"Wọ́n ní ó ṣeé rán, mà."

Ìyá Túbọ̀sún ń wo iná. Ó jókòó títí iná fi fẹ́ kú. Nígbà tó dìde, ó ní kí wọ́n wá máa pọn omi nígbà tó bá wù wọ́n, ó sì lọ láìdágbére.

Ní ìrọ̀lẹ́, Láwàlì àti ìyàwó rẹ̀ tún jà. Ta ló máa dúró ní Ìbàdàn? Ìyá àgbà kò ríran. Bí Adérónkẹ́ bá lọ, ta ló máa bójú tó àwọn ọmọ? Láwàlì ní òun máa lọ fọwọ́ sí i, òun ni bàbá rẹ̀ báyìí, kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú òun. Adérónkẹ́ ní fífọwọ́ sí i nìkan kọ́, ṣé òun náà ló máa fọ àkísà? Níkẹyìn, Adérónkẹ́ ní òun á bá àbúrò òun ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ bóyá á gba àwọn ọmọ sọ́dọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, nítorí inú ń bí òun.

Oòrùn ti ń wọ̀. Sìlífátù jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, ó ti fi fasilíìnì pa itan. Láwàlì wá síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́túlù, ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣe àlùwàlá Màgáríbì. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fọ ojú. Ó dá dúró pẹ̀lú omi lójú.

"Sìlífátù."

"Bọ̀ọ̀dá."

"Kí lo bí?"

Kò kọ́kọ́ yé e.

"Ọmọ yẹn," Láwàlì wí. "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sí ẹni tó bi í rí.

"Obìnrin ni. Irun rẹ̀ pọ̀. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e, ṣùgbọ́n mo rí irun rẹ̀."

"Ṣé ó lórúkọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Èmi ń pè é ní Rìsíkátù. Nínú ara mi."

Láwàlì mi orí. Ó parí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó parí ẹsẹ̀ òsì, ó wọlé. Ìyá wọn wà nínú yàrá, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ń gbọ́ ọ bí ó ti ń kírun. Nígbà tó kí i tán, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì fún àwọn òkú ilé náà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo alẹ́ Jímọ̀ọ̀, ó dárúkọ bàbá wọn, ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó kú ní kékeré. Ó dákẹ́, ó pẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi rò pé ó ti parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ tún jáde, ó rẹlẹ̀, ó ní, "Àti Rìsíkátù, ọmọ Sìlífátù."